Ilé Titun Láàárín Ilé Àtijọ́



A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ń ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà jókòó rò. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Màpó, tí ó sì yà wọ inú àwọn àdúgbò àtijọ́ Ìbàdàn, yóò rí i pé àlàpà wà níhìn-ín, ahoro sì wà lọ́hùn-ún, láàárín agbo ilé kan àti èkejì. Ilé baba ẹnì kan ni ó wó níbẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ kọ́ ilé sí ẹ̀yìn ìlú, àlàfo sì ṣẹ́ kù. Irú ilé wo ni ó yẹ kí a kọ́ sínú àlàfo náà? Èyí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a wá bá ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Nínú agbo ilé tí a bí wa sí, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan fẹ́ kọ́ ilé sí ibi tí ilé baba rẹ̀ ti wó. Inú wa dùn pé ọmọ padà wálé. A wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ìpìlẹ̀, a ka Ìwé Mímọ́, a gbàdúrà, a sì jẹun. Ilé náà gòkè: búlọ́ọ̀kù láti ààlà dé ààlà, kò ṣẹ́ ku àyè tí ewúrẹ́ lè gbà kọjá. Páànù rẹ̀ da omi kọ ògiri amọ̀ aládùúgbò. Ní àkókò òjò kejì, ògiri yàrá ìyá arúgbó kan wó lulẹ̀ lóru. Ọlọ́run ṣàánú, kò pa á. Ṣùgbọ́n ilé méjì tí ó ti ń fi ọmọ fún ara wọn láti ìran dé ìran kò kí ara wọn mọ́. Àwa tí a gbàdúrà níbi ìpìlẹ̀ kò bèèrè ibi tí omi yóò gbà! Bẹ́ẹ̀ ni òfin Mósè pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun pé kí ó ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, nítorí ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ilé kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ́ ọ nìkan.

Ẹ wo ìṣirò kékeré yìí. Bí òrùlé kan bá gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, òjò tí ó rọ̀ tó mìlímítà 10 yóò da lítà omi 1,000 sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Bí ogún ilé bá da tiwọn sí ojú ọ̀nà kan náà, tí olúkúlùkù sì ti fi sìmẹ́ǹtì bo ilẹ̀ rẹ̀, níbo ni omi yóò wọ̀? Àwa tí a rí àgbàrá Ògùnpa ní August 31, 1980, tí a sì tún rí ti August 26, 2011, kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wa ní èyí.

Àwọn baba wa mọ ọgbọ́n rẹ̀. Yàrá wọn yí àgbàlá ká, òrùlé da ojú kọ inú, omi òjò sì ń kán sínú ìkòkò. Ní Ilé-Ifẹ̀, ó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn, wọ́n to àfọ́kù ìkòkò ní ìdúró sí ilẹ̀ àgbàlá, ó sì di ilẹ̀ líle tí ẹrẹ̀ kò bà jẹ́. Ògiri amọ̀ wọn nípọn, oòrùn kì í tètè la inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n a kò ní tàn yín: yàrá wọn ṣókùnkùn, fèrèsé wọn kéré, òjò a máa jẹ ẹsẹ̀ ògiri, ìkán a sì máa jẹ igi àjà. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni padà sínú òkùnkùn. Ohun tí a ń wí ni pé kí a mú ọgbọ́n náà, kí a sì tún àbùkù rẹ̀ ṣe.

Èkíní ni ti oòrùn. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń mú ògiri gbóná jù. Nítorí náà, kí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ó kúrú kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí èyí tí ó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Bí ilẹ̀ kò bá gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àlàfo kì í ṣe pápá, kí a fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ bo ìhà ìwọ̀ oòrùn. Kí etí òrùlé yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 3, láìkọjá ààlà, kí a sì kun ògiri ní funfun.

Èkejì ni ti atẹ́gùn. Nígbà tí ilé há ilé mọ́ ní ọ̀tún àti ní òsì, atẹ́gùn kò lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Kí a fi àgbàlá sílẹ̀ ní àárín: ooru yóò gba ibẹ̀ gòkè lọ, atẹ́gùn tútù yóò sì ti ojú ọ̀nà wọlé. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn. Kí fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì má ṣe kọjú sí balùwẹ̀ aládùúgbò.

Ẹ̀kẹta ni ti ògiri. Kí a sẹ́ ilẹ̀ pupa, kí a po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn, ìwọ̀n 5 sí 10 nínú 100, kí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di búlọ́ọ̀kù, kí a sì jẹ́ kí ó gbó lábẹ́ ìbòjì. Kí ìpìlẹ̀ jẹ́ òkúta, kí ó sì ga dé orúnkún, kí òjò má baà jẹ ẹsẹ̀ ògiri.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò wí pé ilé amọ̀ ni ilé òtòṣì. Kí wọ́n lọ sí ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, tí Demas Nwoko kọ́ ní àwọn ọdún 1970. Ọkùnrin yìí ni ó ń po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì; òun ni a sì fi ẹ̀bùn ńlá dá lọ́lá ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 2023. Ẹni tí ó ń fi búlọ́ọ̀kù há ara rẹ̀ mọ́ ni yóò máa ra ìtutù ní ọjà: ẹ̀rọ amúlétutù nínú yàrá, jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé, èéfín rẹ̀ nínú ihò imú ọmọ aládùúgbò. Ní ilé tí a ṣètò dáadáa, iná tí a ń fà láti ara oòrùn lè tó fún fìtílà àti fáànù.

Ẹ̀yin baálé àti ìjòyè, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Àlàfo tí a kò bójú tó ni ìjà ń gbà wọ agbo ilé. Kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé ẹni tí yóò kọ́lé, ẹ pe aládùúgbò ọ̀tún àti ti òsì, ẹ tẹ́ àwòrán ilé náà síwájú wọn, kí ẹ sì bèèrè ohun mẹ́ta: Níbo ni omi yóò gbà? Níbo ni atẹ́gùn aládùúgbò yóò gbà? Níbo ni èéfín yóò gbà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa náà ti rí ọgbọ́n kọ́. Ó gé etí páànù rẹ̀, ó fi gọ́tà sí i, ó darí omi sínú táǹkì, ó sì tún ògiri ìyá náà mọ. Lónìí, ilé méjèèjì ni ó ń pọn omi nínú táǹkì náà, wọ́n sì ń kí ara wọn. Bí a bá ti bèèrè ní ọjọ́ ìpìlẹ̀ ni, ìjà náà ì bá tí ṣẹlẹ̀.

Kí Olúwa kí ó bá wa kọ́ ilé wa.