Ohun Tí Ó Ń Sọ Kòkòrò Inú Omi Di Àjàkálẹ̀ Àrùn



Nígbàkúùgbà tí àrùn onígbáméjì, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọ́lẹ́rà, bá bẹ́ sílẹ̀, bí ó ti bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹnu kì í yé kùn. Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn á ní àlejò ni ó gbé e wọ ìlú. Onígbàgbọ́ òdodo kò gbọdọ̀ fi àbá dá ẹjọ́. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀.

Vibrio cholerae ni orúkọ kòkòrò tí ó ń fa àrùn yìí. Ojú lásán kò lè rí i. Inú omi ni ilé rẹ̀, pàápàá ibi tí odò ti ń dàpọ̀ mọ́ òkun. Ẹ̀yà rẹ̀ ju 200 lọ, ṣùgbọ́n méjì péré, O1 àti O139, ni ó ti fa àjàkálẹ̀ ńlá. Kí ni ó wà lára àwọn méjì yìí?

Ìdáhùn wà nínú jíìnì, èyíinì ni àwọn àṣẹ kéékèèké tí ohun ẹlẹ́mìí jogún, tí ó ń pinnu bí ara rẹ̀ yóò ti rí àti ohun tí yóò lè ṣe. Ní ọdún 1959, S. N. De fi hàn ní ìlú Calcutta, ní ilẹ̀ Íńdíà, pé májèlé tí kòkòrò yìí ń tú jáde ni ó ń mú kí ìfun da omi ara sílẹ̀. Ní ọdún 1996, Matthew Waldor àti John Mekalanos ní Amẹ́ríkà fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì kan ni ó gbé jíìnì májèlé náà wọ inú kòkòrò. Kí fáírọ́ọ̀sì yìí tó wọlé, ó ní láti rí àwọn fọ́nrán tín-ín-rín kan dìmú lára kòkòrò náà. Àwọn fọ́nrán yìí kan náà ni kòkòrò fi ń ṣù jọ sínú ìfun ènìyàn. Èyí tí ó bá ní fọ́nrán, tí ó sì ní májèlé, ni ó ń fọ́n ìlú ká.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí irú jíìnì bẹ́ẹ̀? Wọn á mú kòkòrò tí ó ti ara aláìsàn jáde, wọn á fi wé èyí tí wọ́n bù nínú omi, wọn á sì wo ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní. Lẹ́yìn náà, wọn á yọ jíìnì tí wọ́n fura sí, láti mọ̀ bóyá ìpalára rẹ̀ yóò dínkù. Ní ọdún 2000 ni wọ́n kéde pé àwọn ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú kòkòrò náà tán, ó tó nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 4. Ìwé àfọwọ́kọ ni àkọsílẹ̀ yìí jọ: bí akọ̀wé kan bá ṣe àṣìkọ, ẹni tí ó bá dà á kọ yóò gba àṣìkọ náà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ èyí tí ó bí èkejì.

Ọ̀nà yìí ni òtítọ́ gbà hàn ní Haiti. Àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ó mú ènìyàn tí ó ju 800,000 lọ, ó sì pa àwọn tí ó sún mọ́ 10,000. Àwọn ará ìlú tọ́ka sí àgọ́ àwọn ọmọ ogun Nepal tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán wá, tí ẹ̀gbin rẹ̀ ń ṣàn sí odò. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ fi kòkòrò Haiti wé ti Nepal: wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ náà, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Haiti. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹkún tálákà ì bá di ariwo ọjà.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 2017, François-Xavier Weill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí kòkòrò tí ó ju 1,000 lọ, láti orílẹ̀-èdè 45. Ìdílé kan ṣoṣo ni àwọn tí ó fa àjàkálẹ̀ náà ti wá, ó sì ti wọ Áfíríkà ní ó kéré tán ìgbà 11 láti ọdún 1970. Ní Nàìjíríà, ó pa ènìyàn tí ó ju 7,000 lọ ní ọdún 1991. Ènìyàn ni ó ń gbé e rìn. Ènìyàn náà ni ó lè dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Jíìnì ni idà kòkòrò, ìgbẹ́ tí ó dé inú omi mímu sì ni ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kìlọ̀ tipẹ́ fún ẹni tí ó ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo kànga àdúgbò yín àti ti mọ́sálásí yín: ṣé ṣáláńgá kò sún mọ́ ọn jù? Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ má ṣe máa gbé oògùn apakòkòrò mì láìjẹ́ pé oníṣègùn kọ ọ́, nítorí kòkòrò yìí tún lè gba jíìnì tí ó ń sọ oògùn di asán. Bí ẹnìkan bá ń yàgbẹ́ tí ó sì ń bì, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú 100 tí ó bá tètè rí ìtọ́jú, àwọn tí ń kú kì í tó ẹyọ kan.

Kí Ọlọ́hun fún ìlú ní ìlera, kí Ó sì fi ìmọ̀ tí ó wúlò ta àwọn ọ̀dọ́ lọ́rẹ. Àmín.