Màá Rí I Sí

Ẹ̀yin àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ lónìí, àgàgà ẹ̀yin tọkọtaya tí ọmọ ti tán nílé, tó wá ku ẹ̀yin méjì pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, ẹ má yí rédíò yín kúrò o, tiyín wà ńbẹ̀.

Àpò kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa nílé. CV àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Bó ṣe ń kún nìyí: bí mo bá ti ń jáde ní géètì iléeṣẹ́ rédíò yìí, ẹnì kan á sá tẹ̀ lé mi, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn èèyàn ńlá. Ẹ bá mi fi tèmi náà hàn wọ́n." Màá gba ìwé náà, màá ní, "Dìde, ọmọ mi. Màá rí i sí." Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí "màá rí i sí" jẹ́ lẹ́nu àgbàlagbà tó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Ó ti pé ọdún 6 tí mo ti ń gbà á. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ lẹ́tà fún, òun náà ò sì ríṣẹ́ ọ̀hún.

Ohun tó jẹ́ kí àpò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lójú ni ètò kan tí mo kà nípa rẹ̀. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹyìn ló ni ètò náà, àwọn táráyé ń pè ní Mọ́mọ́nì, tí olú ìjọ wọn wà ní ìlú Salt Lake City, ní ìpínlẹ̀ Utah, l'Amẹ́ríkà. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, n kò sì wá polówó rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ aládùúgbò bá ń ta sánsán, a kì í tìtorí pé a ò jọ ń lọ sílé ìjọsìn kan náà ká má bi í pé kí ló fi sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ wọn lẹ mọ̀: àwọn ọmọkùnrin méjì-méjì tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun pẹ̀lú táì, tí wọ́n lẹ orúkọ máyà. Ọdún 2 làwọn ọkùnrin ń fi ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì, oṣù 18 sì ni tàwọn obìnrin. Àwọn àgbà wọn ni ojú wa kì í sábà tó. Tọkọtaya tó ti fẹ̀yìn tì lè lọ bá bíṣọ́ọ̀bù ìjọ wọn pé àwọn fẹ́ sìn. Àwọn kan á lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn mìíràn á wà nílé ara wọn, wọ́n á máa lọ síbi iṣẹ́ ìsìn náà lọ́jọ́ mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì padà wálé sùn. Kò sí owó oṣù ńbẹ̀. Epo tí wọ́n ń rà sí mọ́tò, àpò ara wọn ló ti ń jáde. Iṣẹ́ tí wọ́n sì máa ń yàn fún àwọn kan nínú wọn kì í ṣe ìwàásù rárá. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bá wáṣẹ́.

Ẹ lè ní kí ló kan ìjọ Ọlọ́run nínú ìyẹn. Ó ti pẹ́ tó ti kàn wọ́n. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ láwọn ọdún 1930, Harold B. Lee ló ń ṣàkóso àwọn ìjọ wọn kan ní Salt Lake City. Ọmọ ọdún 31 péré ni nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ lọ́dún 1930. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn rẹ̀ ni kò lè dá bọ́ ara wọn. Irè oko sì ń jẹrà lórí ilẹ̀ nítòsí wọn, nítorí àwọn àgbẹ̀ ò rówó san fún lébìrà. Lee àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ bá àwọn àgbẹ̀ pé: àwọn èèyàn wa á bá yín kórè, ẹ fún wọn nínú ohun tí wọ́n bá kó. Lọ́dún 1932, wọ́n ti ní ilé ìkóǹkanpamọ́ tiwọn. Nígbà tó fi máa di 1936, gbogbo ìjọ náà ti sọ ọ́ di ètò. Lọ́dún 1938 ni wọ́n dá Deseret Industries sílẹ̀, ilé ìtajà tó ń ta aṣọ àti àga àlòkù, tí ẹni tí kò ríṣẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ bó ṣe ń gbowó.

Mo fẹ́ràn àdúrà o, kẹ́nikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ro iye ìgbà tí wọ́n ti ní kí gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ jáde síwájú pẹpẹ, tí a pariwo lé wọn lórí, tí òógùn bò wá, tí wọ́n padà sáyè wọn, tí kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tó bi wọ́n pé: iṣẹ́ wo lo mọ̀ ọ́n ṣe?

Ìbéèrè yẹn ni àwọn tọkọtaya tí mò ń sọ yìí ń jókòó bi èèyàn. Wọn ò ní iṣẹ́ kankan nínú dúrọ́ọ̀. Tábìlì ni wọ́n ní, kọ̀ǹpútà, fóònù, àti àsìkò. Wọ́n á ka CV ẹni náà látòkè délẹ̀, wọ́n á ní kó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 sọ ara rẹ̀: ta ni mí, kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, ibo ni mo ti ṣe é tó yọrí, kí ni màá bá yín ṣe. Àáyá 30 péré! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé ó rọrùn, ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní balùwẹ̀ lọ́la.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ ilé wa ti ń ṣe àkóbá fún wa. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ẹlòmíràn ló ń ki ni. Ìyá ni yóò pe Àkànní rẹ̀, tí yóò pe Àjọkẹ́ rẹ̀, tí orí ọmọ á wú. Ṣùgbọ́n ìyá ò bá ọmọ wọ íntáfíù. Ọ̀gá á ní, "Kí lo lè ṣe?" Ọmọ wa á wolẹ̀, á máa fọwọ́ ra ọwọ́, á ní, "Iṣẹ́kíṣẹ́ ni, sà." Ìrẹ̀lẹ̀ ló pè é. Etí ọ̀gá kò gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹni yìí ò mọ nǹkan kan pàtó.

Èmi àti ìyàwó mi dán an wò ní ìjọ tiwa lóṣù tó kọjá. Yàrá táwọn ọmọdé ti ń kọ́ Bíbélì ni wọ́n fún wa. Àga ibẹ̀ kéré débi pé orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Ọmọbìnrin kan wọlé, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán láti ọdún 2 sẹ́yìn. Olùkọ́ ìṣirò ni ìyàwó mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ó bi í pé, "Kí lo ti ń ṣe látìgbà náà?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Mo kàn wà nílé."

"Nílé ta ni?"

"Lọ́dọ̀ màmá mi, mà."

"Kí ni màmá rẹ ń tà?"

"Símẹ́ńtì, mà."

"Ta ló ń kọ orúkọ àwọn tó rà á láwìn?"

Ọmọ náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Èmi ni, mà." Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi hàn wá. Gbogbo rẹ̀ ló wà ńbẹ̀: orúkọ bíríkìlà, iye àpò tó gbé, ọjọ́ tó ní òun máa san, ẹni tó san díẹ̀, ẹni tó ti ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kọjá. Àwọn oníbàárà náà lé ní 40. Ìyàwó mi ní, "Ìyẹn lo wá ń pè ní kò sí nǹkan kan?" Wọ́n jọ kọ ọ́ sínú CV pé ó tọ́jú ìwé àwìn ilé ìtajà símẹ́ńtì fún ọdún 2, àwọn oníbàárà tó lé ní 40, gbèsè kan ò sì pòórá. Lẹ́yìn náà ló ní kó dìde, kó sọ ọ́ jáde. Ohùn ọmọ náà ń gbọ̀n. Ó ní kó tún un sọ. Ìgbà keje ni ohùn náà tó dúró.

Ọmọ náà ò tíì ríṣẹ́ o, kí n má parọ́ fún yín. Ó ti lọ síbi 2, ó sì ń padà wá ròyìn. Ká ní èmi nìkan ló bá lọ́jọ́ yẹn, CV rẹ̀ ì bá ti wà nínú àpò.

Ìròyìn yẹn ṣe pàtàkì. Nínú ètò àwọn Mọ́mọ́nì, wọ́n máa ń ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ sọ wíwá a di iṣẹ́: lójoojúmọ́, kó wá ibi 15 tí iṣẹ́ lè ti yọ, kó bá èèyàn 10 sọ̀rọ̀, kó sì fojú kojú pẹ̀lú ẹni 2. Bó bá padà wá, wọ́n á bi í pé, mélòó lo ṣe? Èmi ò rò pé ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí owó ọkọ̀ ń dà láàmú lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá lè rí èèyàn 3 lójúmọ́ láti bá sọ̀rọ̀ ti ṣe akin. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ ìbéèrè yẹn kúrò. Ẹni tó mọ̀ pé ìyàwó mi máa bi òun ní Ọjọ́rú kò ní fi gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun sùn.

Wọ́n ti bi mí pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tọkọtaya. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà, kò ní sọ ọ́ fún ọmọ kékeré tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Yóò sọ ọ́ fún bàbá tó tó bí i lọ́mọ, bó bá ku àwọn méjì. Ọmọbìnrin tó bá wá náà ò ní máa rò ó pé kí ni bàbá yìí ń wá lára òun, nítorí ìyàwó bàbá wà níbẹ̀. Ìjọ tí mò ń wí yìí mọ ìwúlò àgbà méjì: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán èèyàn wá fìdí ìjọ wọn múlẹ̀ ní Nàìjíríà ní November 1978, tọkọtaya 2 tó ti dàgbà ni wọ́n rán, Rendell Mabey àti Rachel ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Edwin Cannon àti Janath ìyàwó tirẹ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ́ ẹ kúrò ní 60, ẹ̀yin olùkọ́ tí òfin ọdún 2022 fún láyè dé 65, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin mẹkáníìkì tó ti fi ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ lọ bá pásítọ̀ yín tàbí lémọ́ọ̀mù yín. Ẹ bèèrè yàrá kan àti wákàtí 2 lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí o. Ẹ má gba kọ́bọ̀. Ẹ má gba owó fọ́ọ̀mù, ẹ má gba owó káàdì, bí wọ́n bá gbé iṣu wá pàápàá, ẹ ní kí wọ́n gbé e padà títí wọ́n á fi ríṣẹ́. Ẹ má ṣèlérí iṣẹ́ fẹ́nikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi fóònù hàn yín pé wọ́n pe òun sí íntáfíù níbi tí òun ò kọ̀wé sí, tí wọ́n ní kó mú owó dání tàbí kó wá sí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ ní kó jókòó, kò lọ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìyàwó mi fa àpò náà sáàárín pálọ̀. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí àwọn yẹn ló ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ìwé kẹrin jẹ́ ti ọmọkùnrin wẹ́dà kan. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó to gbogbo ohun tó lè fi irin ṣe: géètì, ojú fèrèsé, ọ̀pá tẹ̀ǹkì omi. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Kò wọlé. Mo tún un tẹ̀. Ìyàwó mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Bàbá, 10 ni. Nọ́ńbà kan ń bẹ tí kò kọ." Ẹ rántí pé 11 ni nọ́ńbà fóònù wa. Irú ìwé kan náà ló ti ń há fún gbogbo ìlú.

Ìwọ ọmọ mi, wẹ́dà tó bá mi ní géètì yìí lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, tó fi ọ̀rá wé CV rẹ̀ kó má baà tutù, bó o bá ń gbọ́ mi, nọ́ńbà rẹ ku ẹyọ kan. Ọjọ́rú là ń jókòó, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Wá bá mi ní géètì ibi tá a ti pàdé lọ́jọ́sí ní aago 3, ká jọ lọ. Mú bírò dání.