Adájọ́ Tí Kì í Gba Gbẹ̀rẹ́

 

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó rò pé iṣẹ́ ìjọba tí mo fẹ̀yìn tì ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ obìnrin Amẹ́ríkà kan ni mo mú wá, ẹni tí ìyàwó mi kì í fi ètò rẹ̀ ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n. Judge Judy ni. Wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ láti 2021, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló ń wò, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bèèrè oúnjẹ nílé wa lásìkò náà.

Judith Sheindlin ni orúkọ rẹ̀. New York ni wọ́n bí i sí ní 1942. Ẹ má rò pé òṣèré lásán ni. Ní 1982, Ed Koch tó jẹ́ olórí ìlú náà yàn án sípò adájọ́ ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹbí, nígbà tó sì di 1986 ó di ọ̀gá níbẹ̀ ní Manhattan. Oṣù kẹsàn-án 1996 ni ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọdún 25 ló sì fi ṣe é. Joseph Wapner ti ṣe irú rẹ̀ láti 1981, àmọ́ bàbá jẹ́jẹ́ ni ìyẹn. Judy ní tirẹ̀ kò níí jẹ́ kí o parí irọ́ tí ò ń pa. Rísíìtì dà? Ta ló ṣe ẹlẹ́rìí yín? Bí olùjẹ́jọ́ bá ń wo òkè, á ní kó wo ojú òun. Kí o tó mọ̀, ó ti dájọ́, ó ti dìde.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí èyí fi ń dùn mọ́ wa? Ẹ bi ẹni tó bá ti lọ sí kóòtù nílẹ̀ yìí. Èmi ra ilẹ̀ kan nílé lọ́hùn-ún. Àṣé ẹni méjì ni wọ́n tà á fún. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń lọ tí à ń bọ̀. Lónìí adájọ́ kò wá, lọ́la lọ́yà wọn ní ara òun kò yá, lọ́tùn-ún wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ibòmíràn, a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Owó ọkọ̀ láti ìhín dé ilé nìkan tó ra búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó ti rí bẹ́ẹ̀ wá rí obìnrin tó ń dá ẹjọ́ méjì kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, ṣé kò níí pàtẹ́wọ́?

Ìfẹ́ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí Kóòtù Aṣípa tí olóògbé Oyin Adéjọbí máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí NTA Ìbàdàn. A mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ à ń bá ara wa jiyàn lé ẹjọ́ náà lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan. Yàrá Judy kì í ṣe kóòtù ìjọba. Àwọn méjèèjì á ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yọ ẹjọ́ àwọn kúrò ní kóòtù, ohun tó bá sọ làwọn máa gbà. Owó tó lè ní kí wọ́n san kì í ju dọ́là 5,000 lọ, àwọn tó ń ṣe ètò náà ló sì ń san án, kì í ṣe ẹni tó jẹ̀bi. Kódà àwọn tó jókòó lẹ́yìn tí wọ́n ń mi orí, owó ni wọ́n ń gbà. Ó sì ti ka ohun tí tọ̀tún tòsì kọ sílẹ̀ kó tó jókòó. Ìyẹn la kì í rí. Ariwo rẹ̀ nìkan là ń rí, a wá rò pé ariwo yẹn ni ìdájọ́.

Ní 2021, BBC fi fídíò kan hàn níbi tí Ahmed Isah, tí ètò rédíò rẹ̀ tó ń jẹ́ Brekete Family ní Àbújá ti ran ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù lọ́wọ́, ti gbá obìnrin kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn létí. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Inú bí mi gan-an nígbà tí mo rí i. Ṣùgbọ́n ta ni èmi?

Àwọn kan nínú yín wà níbẹ̀ ní 2014, nígbà tí mo jẹ́ alága ìgbìmọ̀ onílàjà ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n mú ìyá kan wá pé ó kó owó àjọ ẹnìkan jẹ, ₦80,000. Ìyá ń sunkún, ọ̀rọ̀ ń lọ́ pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi tí mo ti wo Judy yó, mo ní, "Màmá, ṣé ẹ̀rí lẹ mú wá àbí omijé? Ẹ lọ san owó olówó." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní adájọ́ dé. Mo lọ sílé, mo jẹun dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ̀ gbé ìwé àjọ wá bá mi. Ọkọ ẹni tó pẹjọ́ ti gba owó náà, ó sì fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ọmọ yẹn ni ìwé náà wà lọ́jọ́ tí mo dájọ́. Bí mo bá ní kí a padà wá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, à bá rí i. Mo kàn fẹ́ parí ọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú ni. Ìpín 36 nínú ìwé òfin 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ dáadáa. Àwọn baba wa náà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo mọ méjèèjì lórí.

A gba owó ìyá náà padà fún un, mo sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀. Ó gba ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú gbogbo èèyàn ni mo ti kàn án lábùkù, inú yàrá ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Kò wá sí ìpàdé wa mọ́. Nítorí náà, níwájú gbogbo yín lónìí, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí: ìyá yẹn kò jẹ owó ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣi ẹjọ́ dá.

Mo ti fi àbá kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé: kí ìgbìmọ̀ gba ọ̀rọ̀ tọ̀tún tòsì sílẹ̀ ní kíkọ kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n má sì dá ẹjọ́ owó lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò níí gba ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjì tó.  Mo ti ṣetán fún ìbéèrè yín.