Ohun Tí Ọmọ Kò Lè Fi Ẹnu Sọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní kíláàsì àgbà

  Mo mọ̀ pé ó rẹ ọ̀pọ̀ nínú yín, síbẹ̀ ẹ gbé ìwé yín, ẹ wá. A ó jèrè rẹ̀ o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a parí ìwé kíkà, ìyá kan nínú yín dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọ mi obìnrin pé ọdún 13. Tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nísinsìnyí, bí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe é, á ní, 'Kò sí nǹkan kan, màámi.' Àmọ́ mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ lóru. Kí ni kí n ṣe?"

Ìbéèrè ìyá yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹfà. Ọmọ ọdún 12 ni. Orí rẹ̀ pé, ìwà rẹ̀ sì dára. Lójijì, ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n mú un lọ sí ilé àbúrò bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mọ́. Kò ṣe ìṣirò mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń ya àwòrán. Ó yà á sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó yà á sórí tábìlì. Àwòrán kan náà ni nígbà gbogbo: ilé kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ilé-ìwé, mo rí ilẹ̀kùn yẹn tí ó fi ẹẹ́dú yà sára ògiri ọ́fíìsì mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri náà ni. Inú bí mi. Mo pe ọmọ náà, mo nà án ní ẹgba mẹ́fà, mo ní kí ó fi kànrìnkàn fọ ògiri náà mọ́. Ó fọ̀ ọ́. Kò sunkún. Ojú tí ó fi wò mí lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tíṣà rẹ̀ obìnrin wá bá mi. Ó mú ìwé ọmọ náà dání. Ó ní, "Ọ̀gá, mo bi ọmọ yìí pé ta ló wà nínú ilé tó ń yà. Ó ní òun ni. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá òun, wọ́n ti òun mọ́ inú yàrá kí òun má baà rí i. Ó ní òun ń gbọ́ igbe àwọn ènìyàn níta, òun kò sì lè jáde."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi í. Ògiri nìkan ló rí bá sọ ọ́. Èmi sì nà án nítorí pé ó bá ògiri sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní, ibi tí ọmọdé bá nawọ́ sí tó ń sunkún, bí ìyá rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Àwòrán ọmọ náà ni ọwọ́ tó nà. Ọwọ́ ni mo rí, n kò wo ibi tí ó nà án sí.

Ẹ wò ó, ọdún 12 sí 15 kò rọrùn fún ọmọ. Ara rẹ̀ ń yí padà. Ohùn ọmọkùnrin ń ki, ọmọbìnrin ń rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ìdánwò ń bọ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ó ń gbọ́ bí bàbá àti ìyá ti ń jà nítorí owó ilé-ìwé. Òmíràn kò gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ rárá. Bí gbogbo èyí bá pọ̀ jù nínú ọmọ, yóò wá ọ̀nà jáde. Ó lè di orí fífọ́, tàbí inú rírun láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ó lè di àìrí-oorun-sùn. Ó lè di ìbínú tí a ń pè ní àfojúdi, tàbí àárẹ̀ tí a ń pè ní ọ̀lẹ. Kì í ṣe pé ọmọ náà kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é.

Mo mọ̀ pé bàbá kan yóò wí pé, "Ọ̀gá, àwọn bàbá wa kò fún wa ní bébà pé kí a fi ya ìbànújẹ́. A ṣáà dàgbà." Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní ọ̀nà tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ìhà Ọ̀yọ́ wá, ẹ mọ ẹkún ìyàwó. Ọmọbìnrin tí ń lọ sílé ọkọ yóò sun rárà kí ó tó kúrò nílé. Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí i, yóò sọ bí ẹ̀rù ilé tuntun ti ń bà á, yóò sunkún bí ó ti ń sun ún. Ohun tí kò lè jókòó sọ fún bàbá rẹ̀ lójúkojú, yóò fi rárà sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò ní nà án, ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní aláìgbọràn. Kí ni èyí bí kò ṣe iṣẹ́ ọnà tó ń gbé ẹrù kúrò lọ́kàn ọmọ? Nítorí náà, kì í ṣe nǹkan àjèjì ni mo gbé wá.

Àwọn ẹlòmíràn náà ti rí i ní ilẹ̀ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì kó àwọn Júù sínú ìlú olódi kan tí a ń pè ní Terezín, ní ilẹ̀ Czech. Ebi wà níbẹ̀, àìsàn wà níbẹ̀. Wọ́n ya ọ̀pọ̀ ọmọdé kúrò lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, wọ́n mú obìnrin ayàwòrán kan dé ibẹ̀. Friedl Dicker-Brandeis ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Vienna ni a ti bí i ní ọdún 1898.

Obìnrin yìí kó àwọn ọmọdé jọ, ó ń kọ́ wọn ní àwòrán. Bébà ṣọ̀wọ́n, nítorí náà wọ́n ń ya àwòrán sí ẹ̀yìn bébà tí a ti lò. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ya òdòdó àti ilé tí wọ́n ti wá. Àwọn kan ya ibùsùn alájà tí wọ́n ń sùn sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1944, wọ́n mú obìnrin náà lọ sí Auschwitz, wọ́n sì pa á. Kí ó tó lọ, ó ti kó àwọn àwòrán náà sínú àpótí méjì, a sì fi wọ́n pa mọ́. Ó tó nǹkan bí 4,500 àwòrán tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù ní ìlú Prague.

N kò ní tàn yín jẹ. Àwòrán kò gba ẹ̀mí àwọn ọmọ náà là. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ní ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ wọ́n di nọ́ńbà lásán, ọmọ kọ̀ọ̀kan rí àyè sọ pé, "Èmi nìyí, ohun tí mo rí nìyí." Ọ̀kan nínú àwọn tí obìnrin yìí kọ́ kí ogun tó dé, Edith Kramer, sá lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1938. Láti ọdún 1950 ni ó ti ń fi àwòrán àti amọ̀ ran àwọn ọmọkùnrin tí ayé ti nira fún lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ New York. Títí tí ó fi kú ní ọdún 2014, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó dáa. Kí ni a lè ṣe nílé tiwa, níbi tí owó kò ti pọ̀?

Èkíní, ẹ wá ohun èlò. Kò dìgbà tí ẹ bá ra nǹkan olówó ńlá. Ẹ̀yìn bébà tí a ti kọ nǹkan sí tó. Pẹ́ńsùlù tó. Ẹẹ́dú, ẹfun àti osùn tó. Amọ̀ etí odò dára púpọ̀ fún ọmọ tí inú ń bí, nítorí ó lè gbá a, kí ó tẹ̀ ẹ́ pa, kí ó tún un mọ. Àjákù àǹkárá tí télọ̀ dà nù, ọmọ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.

Èkejì, ẹ fún un ní àyè. Ìwọ̀n wákàtí ààbọ̀ tó, lẹ́yìn tí ó bá ti fọ abọ́ tán. Kí ẹnikẹ́ni má rán an níṣẹ́ ní àkókò náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe pàṣẹ ohun tí yóò yà. Bí kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lè sọ pé, "Bí inú rẹ bá jẹ́ ojú ọjọ́ lónìí, ṣé òjò ni àbí oòrùn?" Tàbí kí ẹ ní, "Bí ìbínú rẹ bá jẹ́ ẹranko, ẹranko wo ni?"

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ má sì fún un ní máàkì. A kò wá ẹni tó mọ àwòrán yà jù. Bí ó bá fẹ́ ya bébà náà pẹ́rẹpẹ̀rẹ nígbà tó parí, ẹ jẹ́ kí ó ya á.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ bi í ní ìbéèrè kan, kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ ní, "Sọ fún mi nípa rẹ̀." Bí kò bá fẹ́ sọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ara yín di babaláwo àwòrán. Bí ọmọ bá fi pupa kun gbogbo bébà, ó lè jẹ́ pé pupa nìkan ló kù nílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ pa àṣírí mọ́. Ẹ má gbé e lọ han aládùúgbò. Ọmọ tí a bá tú àṣírí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣí inú rẹ̀ payá mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Bí ọmọ bá yà á tàbí bí ó bá sọ ọ́ pé òun fẹ́ kú, tàbí pé ẹnì kan ń ṣe òun níṣekúṣe, ẹ má nà án, ẹ má sì bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ẹbí. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Àwòrán lè fi ọgbẹ́ hàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ni àwòrán lè wò.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin yẹn. Mo pè é sí ọ́fíìsì mi. Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu mi, nítorí wọn kò kọ́ wa pé ọ̀gá ilé-ìwé lè bẹ ọmọ kékeré. Mo fún un ní bébà àti pẹ́ńsùlù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilẹ̀kùn náà ló ń yà. Ní ọjọ́ kan, ó ya sàréè, ó ya àwọn ènìyàn yí i ká, ó sì ya ara rẹ̀ sí àárín wọn. Mo gbé bébà náà lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ náà ti gbà kí n gbé e lọ. Ọkùnrin náà wò ó títí. Ní ọjọ́ Sátidé, ó mú ọmọ náà lọ sí ojú oórì ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti sunkún tí kò sun láti ọjọ́ yìí wá.

Kò di ayàwòrán. Kò sì gba ipò kìíní ní kíláàsì mọ́. Ṣùgbọ́n ó padà ń sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ìyẹn tó fún mi.

Ìyá wa tí ẹ bi mí ní ìbéèrè, ìdáhùn mi nìyí. Lálẹ́ òní, ẹ má tún bi ọmọ yín pé kí ló ṣe é. Ẹ gbé bébà méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ẹ̀yin náà. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ya tiyín. Bí kò bá dára, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín sí tiyín. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ yín nínú yàrá yìí. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Àwọn kan nínú yín sunkún. Ẹ ti mọ bí ó ti rí kí ohun tó ti wà nínú ẹni fún ọdún pípẹ́ jáde sórí bébà. Ohun tí ọmọ yín ń wá náà nìyẹn.

 

Àwọn ìbéèrè tí a ó jọ jíròrò

1. Kí ni ọmọkùnrin inú ìtàn yìí ń fi ilẹ̀kùn tó ń yà sọ?
2. Yàtọ̀ sí ẹkún ìyàwó, ọ̀nà wo ni àwọn ará ìlú yín ń gbà fi orin tàbí iṣẹ́ ọwọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn?
3. Nígbà wo ni ó yẹ kí òbí mú ọmọ lọ sí ọsibítù?
4. Ẹ mú bébà kan. Ẹ ya bí inú yín ti rí lónìí. Ẹ kọ orúkọ yín sí i.