Ìlà Báǹkì: Ẹ Jẹ́ Ká Kà Á, Ká Tó Lọ Bá Wọn
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ ní ìpàdé Ọjà'ba)

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kan àpò gbogbo wa.

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù la ti ń tò lẹ́nu ọ̀nà báǹkì. Nígbà náà, owó ni kò sí. Nísinsìnyí tí à ń gbé owó tiwa lọ fún wọn, kí ló tún dé tí a fi ń tò?

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo gbé owó ọjà Sátidé lọ sí báǹkì kan. Aago mẹ́sàn-án ni mo dé ibẹ̀. Aago méjìlá ti kọjá kí n tó jáde. Kántà márùn-ún ló wà, kaṣíà méjì ló jókòó. Kí n tó dé ìsọ̀, oníbàárà tó fẹ́ ra àpò èlùbọ́ méjì ti bá ẹlòmíràn lọ. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé, nítorí ìlà yìí, àwọn kan nínú wa ń fi owó sun ìsọ̀. Ẹ̀yin ìyá, iná ò mọ owó ta ni. Olè ò sì ní í tò kó tó kó o.

Mo bi ọmọ mi tó kọ́ ìṣirò bóyá ọ̀rọ̀ yìí ní oògùn. Ó ní ó ní. Ó ní ará Denmark kan tó ń jẹ́ A. K. Erlang, tó ń bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ṣiṣẹ́, ti kọ̀wé lórí irú ìṣirò yìí láti 1909.

Ọmọ náà kọ iye ìṣẹ́jú sára bébà pélébé, ó dà wọ́n sínú igbá méjì. Ó ń fa bébà nínú ọ̀kan láti mọ ìgbà tí oníbàárà máa dé, ó ń fa nínú èkejì láti mọ bó ṣe máa pẹ́ tó lọ́dọ̀ kaṣíà. Ọmọ ayò ló fi ṣe èrò. Kọ̀ǹpútà lè ṣe irú eré yìí lẹ́gbẹ̀rún ìgbà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Báǹkì á ti rí ìlà ọ̀la lónìí.

Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Ká ní èèyàn 20 ń dé ní wákàtí kan, tí ẹnì kan ń gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kaṣíà méjì lè dá èèyàn 24 lóhùn. Ẹ ó ní méjì tó, àbí? Ṣùgbọ́n a kì í dé lọ́kọ̀ọ̀kan. A máa ń ya dé ni, owó ẹlòmíràn sì pọ̀ ní kíkà. Tí a bá pín in dọ́gba, ẹnì kan á dúró tó ìṣẹ́jú 11. Tí kaṣíà bá di mẹ́ta, ó di bí ìṣẹ́jú kan! Ṣùgbọ́n tí èrò bá lé ní 24 tí kaṣíà ṣì jẹ́ méjì, ńṣe ni ìlà á máa gùn sí i. Ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ Ajé nìyẹn.

Nítorí náà, a ò ní kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ. Kí àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn jáde sí kántà ní wákàtí tí èrò pọ̀, ìyẹn ti tó. Àwa la mọ wákàtí náà, torí àwa la mọ ọjà wa.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún rèé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹni tó bá lọ sí báǹkì kọ aago tó dé, aago tó kan kaṣíà, àti iye kaṣíà tó jókòó. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹ kọ ìyẹn náà, torí kaṣíà mẹ́wàá ò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ má kọ iye owó yín, ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì o. Ẹni tí kò lè kọ, kó wá sọ fún mi.

Màá kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó sì gbé e lọ bá máníjà. Tí a bá fi ariwo lọ, wọ́n á ní ká ṣe sùúrù. Tí a bá fi iye lọ, wọ́n á fi iye dá wa lóhùn.

Ọjà á tà, a ò ní í fi owó wa ṣòfò.