Bí Wọ́n Bá Béèrè Ẹ̀yà Ara Olóògbé Wa

A‘ūdhu billāhi mina-sh-shaytāni-r-rajīm. Bismillāhi-r-Rahmāni-r-Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọ ilé wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Ìṣá'ì, Alhaji kan wá bá mi nílé ní Ìfira-Àkókó. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn dókítà ní ọpọlọ ti kú pátápátá, ẹ̀rọ ló kàn ń mí fún un. Nọ́ọ̀sì wá bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ẹbí yóò gbà kí wọ́n fi ẹ̀yà ara rẹ̀ gba àwọn aláìsàn là. Ìyàwó ní òun kò lè dá a sọ, àfi kí òun bi Bàbá nílé. Alhaji wo ojú mi, ó ní: “Àfáà, kí ni kí n sọ? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé ọmọ mi?”

Ẹ gbọ́ o, láti 20 May 2020, òfin ilẹ̀ England ka ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà sí ẹni tó gbà láti fi ẹ̀yà ara sílẹ̀ bó bá kú, àfi ẹni tó bá ti sọ pé òun kò gbà. Síbẹ̀, wọ́n ṣì máa ń bi ẹbí.

Ohun mẹ́ta ló ń ba Alhaji lẹ́rù. Àkọ́kọ́, ó ní: “Báwo ni yóò ṣe dìde lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ láìní kíndìnrín?” Mo ní: “Alhaji, ẹni tí iná jó di eérú ńkọ́? Ẹni tí ẹja jẹ lókun ńkọ́?” Nínú Súrátu-l-Qiyāmah, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé Òun lágbára láti to egungun wa jọ, títí dé orí ìka. Ọba tó dá wa láti inú omi kò ní wá kíndìnrín kan tì.

Èkejì, ọ̀wọ̀ òkú. Ànábì (SAW) fi fífọ́ egungun òkú wé fífọ́ ti alààyè. Nítorí èyí ni àwọn àlùfáà kan, pàápàá ní Íńdíà àti Pakistan, ṣe ní kò tọ́. A kò gbọdọ̀ bú wọn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn láti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí péjọ ní Jeddah ní February 1988, wọ́n ní ó lẹ́tọ̀ọ́ bí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà lórí rẹ̀, bí olóògbé bá yọ̀ǹda kó tó kú, tàbí tí àwọn ajogún rẹ̀ yọ̀ǹda, tí kò sì sí títà. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ti sọ ní Amman ní October 1986 pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kú pátápátá láìlè padà ti di òkú. Àwọn mìíràn ní kí á dúró kí ọkàn dákẹ́. Ẹ rí i pé ìwọ̀sí kọ́ ni kí dókítà la ara nítorí ìwòsàn, kó rán an padà, kó sì gbé òkú fún wa láti wẹ̀, láti fi aṣọ funfun wé, kí á sì kírun sí i lára. Ṣé ẹ rántí Súrátu-l-Mā'idah, àyà 32? Ọlọ́hun ka ẹni tó gba ẹ̀mí kan là sí ẹni tó gba gbogbo ènìyàn là.

Ẹ̀kẹta, ó ní: “Ṣé wọn ò ní fi ṣoògùn owó, wọn ò ní tà á?” Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe lásán nílẹ̀ wa. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 ka gbígba owó lórí ẹ̀yà ara léèwọ̀. Ní 2023, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán Ike Ekweremadu, tó ti ṣe igbákejì olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa rí, lẹ́wọ̀n, nítorí ó lọ́wọ́ nínú mímú ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè gba kíndìnrín rẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ló tì í débẹ̀, ṣùgbọ́n sàárà ni ẹ̀yà ara, kì í ṣe ọjà.

Ní 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ní St. Nicholas Hospital, l'Ékòó. Alààyè ló sábà máa ń fún ẹbí rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ẹni fún un, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù fún un, owó rẹ̀ sì ti ta oko ọ̀pọ̀ ilé.

Mo wá sọ fún Alhaji pé: “Ó lẹ́tọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ kò dẹ́ṣẹ̀. Ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó sọ nǹkan kan rí?” Ó bi ìyàwó, ìyàwó kò mọ̀. Ó bi àwọn àbúrò, wọn kò mọ̀. Ó ṣe àlùwàlá, ó kí ìrun ráká méjì, ó jókòó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló pè, ó ní: “Kí wọ́n mú kíndìnrín. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú rẹ̀.” Bí wọ́n ṣe ṣe nìyẹn. Wọ́n sin ín síbẹ̀, àwa ṣe àdúà fún un nílé. Alhaji kò kábàámọ̀. Ohun tó ń dùn ún títí di òní ni pé kò mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ìbá fẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ má gbé ẹrù yìí lé opó lórí ní wákàtí ikú. Òfin 2014 gbà kí ènìyàn fi ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún, tàbí kó fẹnu sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Wàsíyyà sì wà nínú ẹ̀sìn wa. Lálẹ́ òní, bí ẹ bá ṣínu tán, ẹ bá ara yín sọ ọ́: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ tẹ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun láago, ẹ bi wọ́n.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kó wo aláìsàn wa sàn, kó ṣàánú àwọn òkú wa. Àmín.