Ẹlẹ́ṣin, Olókùn-ẹṣin àti Ẹni Tó Ń Pa Koríko

Ìwé tí ẹ fi pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ipò àti iṣẹ́ láàárín àwọn tó ń gun ẹranko lọ sógun. Àwọn ọmọ wa tó ń wo fíìmù òyìnbó ti mọ ti àwọn tó ń gun dírágónì tó ń tu iná lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ẹṣin Ọ̀yọ́-Ilé tó fún èmi láti sọ.

Mi ò ní fi ìtumọ̀ pa yín láàárọ̀ yìí. Ẹ mọ Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ afọbajẹ, ẹ mọ Ẹ̀ṣọ́, àwọn jagunjagun, ẹ mọ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Nínú ìwé Samuel Johnson tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, Ẹ̀ṣọ́ jẹ́ 70: àgbà 16, kékeré 54, wọ́n sì pín wọn sábẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì méjèèje ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kakaǹfò ni olórí wọn. Nígbà tó yá, àwọn ológun tún ní Sàrùmí, olórí ẹlẹ́ṣin. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ní ìlú ẹlẹ́ṣin, ẹni tó ń bọ́ ẹṣin ló gbé gbogbo ipò ró. Kò sí ẹni tí yóò gun ẹṣin tí kò ní ju ìpàkọ́, ṣùgbọ́n ìpàkọ́ jíjù kọ́ là ń pè ní ipò. Eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó wa, nítorí náà òkè ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, owó ńlá sì ni. Ẹṣin tí a fi owó ńlá rà, tí àrùn ń dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń mú un wà láàyè ló mú ìjọba dání. Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ló fọ́ ogun Agaja ọba Dàhọ̀mì lọ́dún 1726, tí Dàhọ̀mì fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ títí di ayé Gezo ọba wọn. Ìtàn rántí ẹni tó gun ẹṣin lọ. Kò rántí ẹni tó ru koríko tẹ̀ lé e.

Ibi tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń jà láti ọjọ́ pípẹ́ la dé yìí: ọ̀rọ̀ Olókùn-ẹṣin Aláàfin, ìjòyè tó ń bójú tó ẹṣin ọba, tó sì gbọ́dọ̀ bá ọba kú. Apá kan ní ẹrú ilé ẹṣin lásán ni, oyè tí wọ́n fi tàn án jẹ ni. Apá kejì ní ọlọ́lá ńlá tó ń jayé orí rẹ̀ ni. Orí ìtàgé ni apá kejì yìí ti kó ìmọ̀ wọn: wọ́n wo Ọba Wàjà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣe, wọ́n ka eré Wọlé Ṣóyínká tó jáde lọ́dún 1975, wọ́n wá ń bá wa jiyàn bí ẹni pé wọ́n gbé ààfin. Mo bọ̀wọ̀ fún eré náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ṣóyínká kọ ọ́ síwájú ìwé rẹ̀ pé ọdún 1946 ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí òun gbé eré náà kà ṣẹlẹ̀, pé òun fà á sẹ́yìn kó lè bọ́ sí àsìkò ogun. Bẹ́ẹ̀ oṣù December 1944 ni Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìíní wàjà. January 1945 ni Olókùn-ẹṣin, Jinadu, wọ aṣọ funfun, tó ń jó kiri ìgboro Ọ̀yọ́ láti tẹ̀ lé olúwa rẹ̀. Ogun Hitler ò tíì parí rárá! Ògá òyìnbó ní kí wọ́n mú un, Murana ọmọ Jinadu sì kú dípò bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹrú lásán ni, ṣé ẹrú lásán ni gbogbo ìlú ń jáde wò ní ìgboro? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọlọ́lá ni, ọlọ́lá wo ni Johnson yóò kà mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ bá ọba lọ? Ní tèmi, gbèsè ni ipò Olókùn-ẹṣin. Láti ilé ọba ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń tó ẹnu, kò sí ẹni tó ń bi í ní ohunkóhun, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì san lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ti sọ èyí ní ibi mélòó kan, wọ́n ní mo le jù. N ó máa sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń bọ́ ẹṣin. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo lọ sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú bíró àti ìwé lọ́wọ́. Bàbá kan tó ń tọ́jú ẹṣin wo bàtà mi, ó ju dòjé sí mi, ó ní kí n lọ pa koríko wá ná. Ìgbà tí mo gbé ìdì koríko dé ló tó la ẹnu. Ó kọ́kọ́ tú ìdì náà, ó ń ṣa ewé tí kò dáa kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan etí ẹṣin bóyá ara rẹ̀ gbóná, ó tún tẹ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wò, kó tó dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ kò lè rí irú èyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo gbọ́dọ̀ yára. Lọ́dún 1817, Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó ti kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, ké sí àwọn ẹrú tó jẹ́ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kí wọ́n wá bá òun, Hausa ló pọ̀ jù nínú wọn. Johnson sọ iṣẹ́ wọn: onígbàjámọ̀, àwọn tó ń ṣe okùn, darandaran. Okùn! Kí la fi ń so ẹṣin? Àwọn òpìtàn kan ní ìbọn àti igbó ló ba ẹlẹ́ṣin jẹ́, wọ́n a tọ́ka sí Òṣogbo, níbi tí Ìbàdàn ti ṣẹ́gun ẹlẹ́ṣin Ìlọrin lọ́dún 1840. Mi ò jiyàn ti Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ti Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, mo gbà pé ilé ẹṣin ti dahoro lọ́jọ́ tí àwọn ẹrú wọ̀nyẹn lọ, kí ìbọn tó dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dòní. Níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 2024, gbogbo ayé rí Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú sìgá rẹ̀. Ta nínú yín ló béèrè ẹni tó fún ẹṣin náà lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?

Ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà, ẹlẹ́ṣin òde òní, ni mo fẹ́ kó gùn jù, ṣùgbọ́n àkókò ti tán. Ní etí títì márosẹ̀ ní Mowé àti Ìbàfò, ẹni tó ni ọ̀kadà kì í sábà gùn ún. Ẹni tó ń gùn ún ń gbé owó wá fún un lálaalẹ́. Agbowó tíkẹ́ẹ̀tì, fọkanáísà, mẹkáníìkì, obìnrin tó ń ta bọ́tà àti búrẹ́dì fún wọn, gbogbo wọn ní ipò, kò sí ẹni tó ń kà wọ́n.

Alága ti ń wo aago. Ẹ ka ìwé tí Robin Law kọ lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọdún 1980 ló jáde, kẹ́ ẹ tó wá bá mi jà lórí Olókùn-ẹṣin.